Okùn Ọjọ́ Kẹta

Ọjọ́ tí Nei Wini padà dé sí erékùṣù wa, Onotoa, inú ti bí mi sí i kó tó sọ̀kalẹ̀ tán nínú ọkọ̀. Kò ṣẹ̀ mí o. Ìyá mi àgbà, Nei Karibwa, ló dùbúlẹ̀ sílé láti bí ọjọ́ mẹ́wàá, apá ọ̀tún kú, ẹsẹ̀ ọ̀tún kú, ẹnu wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ọ̀rọ̀ ò sì jáde lẹ́nu ẹ̀ mọ́. Òyìnbó yìí wá ń fi orúnkún la omi bọ̀, ó gbé bàtà lé orí, ó ń pariwo orúkọ mi bí ẹni tó rí owó he: "Rotia! Rotia! Mo ti dé o!" Mo ní nínú ọkàn mi pé ẹni tí kò tíì gbọ́ ló ń yọ̀.

Ọdún mọ́kànlá ṣáájú ìgbà yẹn ló kọ́kọ́ wá. Winifred lorúkọ ẹ̀ nílùú wọn, ṣùgbọ́n ahọ́n wa ò lè gbé ìyẹn, a bá gé e kúrú sí Wini, a sì fi Nei ṣáájú bí a ṣe ń pe gbogbo obìnrin. Obìnrin gíga tín-ín-rín ni, imú ẹ̀ sì máa ń bó nínú oòrùn bí ẹja tí iná jó lápá kan. Ilé ẹ̀kọ́ gíga tó ti wá gba obìnrin láyè láti kàwé, ṣùgbọ́n wọn kì í fún obìnrin ní oyè. Ọ̀gá ẹ̀ ní àwọn ọkùnrin ni yóò lọ wádìí ọba àti òrìṣà, kí òun obìnrin lọ wádìí eré okùn, èyí tí wọ́n ń fi okùn ta àwòrán láàárín ìka, nítorí eré ọmọdé ni. Òun náà gbà. Ó ní òun rò pé oṣù mẹ́ta lòun máa fi ṣe é tán. Ìgbà tó wá pé ọdún kan, tó ti kọ àwòrán okùn mẹ́rìnlélọ́gọ́rin sínú ìwé, tó sì rí i pé àwọn ìyá arúgbó abúlé wa ò tíì tú ìdajì ikùn wọn sílẹ̀, ló tó mọ̀ pé ọ̀gá ẹ̀ tàn án jẹ.

Ọ̀nà tó ń gbà ṣiṣẹ́ dùn mọ́ mi. Kì í béèrè ìbéèrè. Ó máa jókòó sí abẹ́ òrùlé gbọ̀ngán ìlú, á yọ okùn kan nínú àpò, á fi ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ta àwòrán kan láti ìlú wọn, àkàbà tàbí ibùsùn ìkókó, á sì tẹjú mọ́ ọn bí ẹni pé kò sí ẹnì kankan níbẹ̀. Kò ní pẹ́ tí ìyá kan á fi pòṣé, tí á ní, "Ìyẹn náà ni wọ́n ń pè ní okùn? Gbé e wá ńbí." Ó tán nìyẹn. Ohun tí ìyá náà bá ta, Nei Wini á ní kó tún un ta, kó tún un ta, á kọ bí ìka kọ̀ọ̀kan ṣe rìn sílẹ̀, títí ìyá náà á fi bínú tí á ní ṣé ojú ń dùn ún ni. Kì í kọ ohun tí ọwọ́ òun fúnra ẹ̀ kò bá lè ṣe. Mo ti rí i tí ìka ẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀, tó fi àkísà aṣọ dì í, tó ń bá a lọ.

Èmi lẹnu ẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni mí nígbà náà, mo sì ti gbọ́ èdè wọn nílé ẹ̀kọ́ àwọn ajíhìnrere. Kò sí ohun tó wọ etí Nei Wini tí kò gba ẹnu mi kọjá.

Okùn kan wà tí kì í ṣe eré. Ẹni tó bá kú nínú wa, ìrìn ló ń rìn. Lójú ọ̀nà yẹn, ẹ̀mí kan tí à ń pè ní Na Ubwebwe jókòó síbẹ̀ tòun ti okùn lọ́wọ́, á bẹ̀rẹ̀ àwòrán, òkú gbọ́dọ̀ dá a lóhùn. Ṣùgbọ́n ọwọ́ òkú ti le, báwo ni yóò ṣe ta okùn? Ọmọ inú ẹ̀ tàbí ọmọ ọmọ ẹ̀ ló máa bá a ta á. Ní ọjọ́ kẹta, ìyẹn á jókòó síbi orí òkú, á kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, á mú okùn ìdílé, èyí tí wọ́n fi irun àwọn obìnrin ilé hun, á ta á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Tí ó bá fà á lẹ́ẹ̀kan ìkẹyìn, tí okùn bọ́ lára gbogbo ìka láìso, òkú ti kọjá. Tí ó bá so kókó, òkú dúró síbẹ̀ nìyẹn, kò sí lọ́dọ̀ wa, kò sí lọ́dọ̀ wọn. A kì í sì í fà á dé òpin fún ẹni tó wà láàyè láé. Kò sí ẹni tí ń fi ìyẹn ṣàwàdà.

Ìyá àgbà kọ́ Nei Wini ní okùn yìí, nítorí ó fẹ́ràn ẹ̀. Ó ní òun ò tíì rí òmùgọ̀ tó mú iṣẹ́ lọ́kùn-únkúndùn báyìí. Èmi náà kọ́ ọ níbẹ̀, ní ẹ̀gbẹ́ wọn, bí mo ṣe ń túmọ̀ ẹ̀. Ìyá àgbà ta á dé ibi tó ku ẹyọ ìṣísẹ̀ kan àti fífà, ó sì jọ̀ ọ́ sílẹ̀. Ó fi ẹnu sọ ìyókù: kí àtàǹpàkò ọ̀tún gbé okùn ara ọmọńdinrín, kí a wá fà. Nei Wini kọ ọ́. Màmá mi, Nei Tekoriri, ò kọ́ ọ. Aya díákónì ni, ó ní òun ti bá Jésù sọ ọ̀rọ̀ ọ̀nà yẹn tán. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe jẹ́ pé èmi nìkan lọ́mọ Ìyá àgbà tó mọ̀ ọ́n. Nígbà tí àrùn yìí dá a dùbúlẹ̀, mo sunkún, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ okùn ò dà mí láàmú. Mo ní in lọ́wọ́.

Mo mú Nei Wini wọlé. Ó rí Ìyá àgbà lórí ẹní, ó kúnlẹ̀, ó gbé ọwọ́ tó ti kú yẹn sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara ẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún bí ọmọdé. Ìbínú mi rọlẹ̀ díẹ̀. Mo gbé omi àgbọn fún un, a jáde sí abẹ́ igi.

"Ọ̀rọ̀ wo lẹ bá wá?" mo bi í. "Ẹ ò kọ lẹ́tà tẹ́lẹ̀."

Ó ń yí àgbọn náà ní ọwọ́. "Rotia, ojú ti mí púpọ̀. Ìwé mi jáde lọ́dún méjì sẹ́yìn. Wọ́n ní kí n wá bá àwọn ọ̀mọ̀wé sọ̀rọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn ogójì, irùngbọ̀n ló pọ̀ jù níbẹ̀. Wọ́n ní kí n ta èyí tó le jù lọ."

"Ẹ ta èwo?"

Ó gbé àgbọn náà sílẹ̀.

"Nei Wini, ẹ ta èwo?"

"Ti òkú."

"Ẹ sì dúró níbi tí Ìyá àgbà dúró sí."

"Mo fà á," ó ní. "Mo fà á tán."

Mo dìde. N kò mọ ìgbà tí mo dìde. "Ẹ fà á! Fún ta? Ta ló kú níbẹ̀? Ṣé orí yín pé? Níwájú ogójì ènìyàn tó ń mí!"

"Jẹ́ kí n sọ ọ́ tán, jọ̀ọ́. Ó so kókó. Ó so lọ́wọ́ mi bí àwọ̀n tó há sí òkúta, ọ̀bẹ ni wọ́n fi gé e kúrò lára ìka mi. Arúgbó kan nínú wọn rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Ó wá kọ ọ́ sí ìwé ìròyìn wọn pé tí ọ̀kan bá jẹ́ irọ́, ta ló mọ iye tó kù. Mo tún un ta nílé, ní ìgbà ọgọ́rùn-ún. Mo máa ń dúró kí n tó fà á báyìí, ṣùgbọ́n ojú lásán ti tó láti rí i. Ìṣísẹ̀ yẹn kò tọ̀nà. Mo wá láti bi ìyá léèrè ni."

Mo jókòó padà. Ohun tó wà nínú ìwé ẹ̀ ló wà lọ́wọ́ mi. Tó bá so kókó ní Lọ́ńdọ̀nù, yóò so kókó níbi orí Ìyá àgbà. Ẹni tó sì mọ òtítọ́ ẹ̀ ni obìnrin tí ẹnu ẹ̀ ti wọ́ yẹn.

Ẹ má rò pé kò yé mi bó ṣe ṣẹlẹ̀. Nílẹ̀ wa, àgbà kì í kọ́ni ní nǹkan tán. Ẹni tó kọ́ ọ ní ọkọ̀ kíkàn á gbàgbé okùn kan. Ẹni tó kọ́ ọ ní orin á fo ẹsẹ kan. Wọ́n ní tí àgbà bá tú ikùn ẹ̀ sílẹ̀ tán, kí ni wọn yóò máa tìtorí ẹ̀ wá kí i? Gbogbo wa mọ̀ ọ́n. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa, mo tiẹ̀ máa ń wo Nei Wini nígbà yẹn tí mo ń fi rẹ́rìn-ín lábẹ́lẹ̀, pé Ìyá àgbà ti yọ nǹkan kúrò nínú èyí tó kọ́ ọ. Kò wá sí mi lọ́kàn pé èmi tí mo jẹ́ ẹnu rẹ̀, irọ́ kan náà ni mo jẹ pẹ̀lú rẹ̀. Bóyá Ìyá àgbà fẹ́ pè mí sí kọ̀rọ̀ lẹ́yìn náà. Mo lọ́kọ ní òpin kejì erékùṣù lọ́dún yẹn gan-an. Tí mo bá wá kí i, á ní, "Ìgbà tí o bá ráyè, jókòó tì mí." Èmi á ní lọ́la. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ní lọ́la.

Màmá mi ti gbọ́ ariwo. Ó jáde wá, ó dúró lókè orí wa, ọwọ́ ní ìbàdí.

"Okùn lẹ tún ń jà sí? Ẹni tó ń kú lọ wà nílé, ẹ ń jà sí okùn. Jésù ò béèrè okùn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni."

"Màmá, ẹ ṣé," ni mo ní.

Ó yíjú padà, ó gbé ẹsẹ̀ méjì, ó tún dúró. "Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ ọ́n, àbí?"

Nei Wini tẹjú mọ́ iyanrìn.

"Rotia. Mo ní ṣé ẹ mọ̀ ọ́n."

"Ó ku ẹyọ kan, Màmá."

Aya díákónì jókòó sílẹ̀ nínú iyanrìn. "Yéè," ó ní, ohùn ẹ̀ ti kéré, "ìyá mi."

Àwa mẹ́ta la wọlé. Mo ní kí n fi ọgbọ́n bẹ̀rẹ̀, Nei Wini ò jẹ́ kí n rí i ṣe. Ó dojúbolẹ̀ síwájú ẹní, ó fi èdè wa tó mọ́ ọn lẹ́nu díẹ̀díẹ̀ jẹ́wọ́: "Ìyá, mo ṣẹ̀ yín. Mo fà á fún alààyè. Àwọn ogójì. Ẹ dárí jì mí."

Ìyá àgbà wò ó. Ó wo èmi náà. Ìdajì ẹnu tó ṣì wà láàyè bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, mo rò pé gìrì ló fẹ́ mú un, mo ti ń nawọ́ sí i. Ẹ̀rín ni. Ikùn ẹ̀ ń mì, omi ń bọ́ lójú ẹ̀, atẹ́gùn ń jáde níhò imú ẹ̀ fìn-ìn, fìn-ìn. Obìnrin náà ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ lórí ẹní ikú. Ìgbà náà ló wá yé mi pé ìdí tó fi ṣe é nìyẹn: ohun tí kò pé kò lè mú ẹnikẹ́ni lọ. Àwọn onírùngbọ̀n ogójì yẹn ń jẹun nílé wọn ní àlàáfíà. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ara tù mí fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ yẹn.

"Ó dáa, ẹ ti rí wa fi ṣẹ̀sín," mo ní. "Ṣùgbọ́n èmi ni mo máa jókòó síbi orí yín, Ìyá àgbà. Kí ni kí n wá fi àtàǹpàkò ṣe?"

Ó gbé ọwọ́ òsì sókè, ọwọ́ kan ṣoṣo tó kù fún un, ó na ìka márààrún, ó sì wo ọ̀tún tó sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ọwọ́ kan ò ta okùn. Mo fẹ́ bú sẹ́kún. Nei Wini ló rìn lórí orúnkún yí ẹní ká, ó jókòó sí apá ọ̀tún Ìyá àgbà, ó fara tì í pẹ́kípẹ́kí, ó sì na ọwọ́ ọ̀tún ti ara rẹ̀ síwájú, ní ibi tí ọwọ́ ìyá náà ì bá wà.

"Ẹ fi tèmi ṣe é," ó ní.

Mo fi okùn ìdílé sí wọn lọ́wọ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Màmá mi di ẹnu mú. Ọwọ́ kan dúdú, ó hunjọ, ọwọ́ kejì pupa, ó ní àmì yíǹkì. Ṣùgbọ́n ìka wọn ń lọ, wọ́n ń bọ̀ bí ẹni tó ń bá ara ẹ̀ sọ̀rọ̀. Òyìnbó yìí kò ṣe àṣìṣe kan. Nígbà tó di ibi ìṣísẹ̀ tó kù, ọwọ́ Ìyá àgbà dúró gbọn-in. Ojú ẹ̀ lọ sí ìwé tí Nei Wini máa ń kọ okùn sí, tó gbé sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní, kò sì kúrò níbẹ̀ mọ́.

"Ó yé mi," ni Nei Wini wí. Ó fi ẹsẹ̀ ti ìwé náà dé ọ̀dọ̀ Màmá mi. "Ẹ bá mi mú un kúrò."

Màmá mi gbé e, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó fi sábẹ́ ìdí, ó sì jókòó lé e.

Nígbà náà ni ọwọ́ Ìyá àgbà tún rìn. Kò gbé okùn kankan sí i. Ìka tó tẹ̀lé àtàǹpàkò ló tẹ̀ sísàlẹ̀, ó gba abẹ́ gbogbo okùn kọjá, ó sì jọ̀wọ́ èyí tó ti dì mú láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwa ti ń kó mọ́ra nígbà tí ó yẹ ká tú sílẹ̀. Ó dúró níbẹ̀, kò fà á, ó jẹ́ kí okùn náà dẹ̀. Ó ní kí èmi náà ṣe é, ó fi ojú sọ ọ́. Mo ṣe é. Ó ní kí n tún un ṣe. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, mo kánjú, ó gbá mi ní ọrùn ọwọ́ débi tí ó fi dún.

Ó tún gbé ọjọ́ mẹ́sàn-án láyé lẹ́yìn ìyẹn. A ń fún un ní omi ṣúgà àgbọn ní ṣíbí ṣíbí. Lọ́jọ́ kan tí a ń fọ ẹní ẹ̀ létí òkun, mo sọ fún Nei Wini pé kó kọ èyí tó tọ́ sínú ìwé ẹ̀, pé n kò ní bínú.

"Mi ò ní kọ ọ́," ó ní. "Ẹni tó bá fẹ́ fi ṣeré, kó so mọ́ ọn lọ́wọ́."

"Bàbá tó fi yín rẹ́rìn-ín ńkọ́?"

"Kó máa rẹ́rìn-ín lọ. Eyín tó kù lẹ́nu ẹ̀ ò pọ̀."

Ó sọ ọ́ tán, mo sì rí i pé ó dùn ún. Gbogbo iṣẹ́ ayé rẹ̀ ló wà nínú ìwé yẹn. Ó gbọn omi ara ẹní náà dànù, ó gbé e sí èjìká, ó ní ká máa lọ.

Ìyá àgbà kú ní ọ̀sán, nígbà tí omi ti fà, tí àwọn obìnrin wà lórí iyanrìn tí wọ́n ń wa ìgbín òkun. Màmá mi kò jẹun lọ́jọ́ yẹn, kò jẹun lọ́jọ́ kejì. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, olùṣọ́ àgùntàn ìjọ wa kọjá níwájú ilé wa tòun ti ìwọ̀ àti àwọ̀n, ó kí wa láìwo ojú wa, ó ní ẹja pọ̀ ní apá ibi jíjìn lónìí, òun lè má tètè dé. Màmá mi ní, "Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa o." N kò bi Màmá léèrè ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ okùn fún olùṣọ́ àgùntàn.

Mo jókòó síbi orí òkú, mo kọjú sí ìwọ̀-oòrùn. Àwọn ẹbí yí wa ká. Nei Wini kì í ṣe ẹbí, ó jókòó sẹ́yìn lọ́hùn-ún, ó fi ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ itan, nítorí wọ́n ti fẹ́ máa tẹ̀ lé tèmi. Mo fi okùn sọ́wọ́.  Mo bẹ̀rẹ̀, àwòrán kan wọ inú òmíràn, mo ń gbọ́ èémí Màmá mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo dé ibi tí a ti ṣì í. Mo tẹ ìka sísàlẹ̀, mo gbà á kọjá lábẹ́ gbogbo rẹ̀, mo jọ̀wọ́ èyí tí mo ti dì mú láti ìbẹ̀rẹ̀. Ohun tó kù ni ohun tí kò sí ẹni tó tíì fi hàn mí rí.

Mo fà á.

Ó há. Ó há mọ́ ìka òrùka mi. Màmá mi ní, "Jésù," ó dì mí ní orúnkún mú. N kò fà á ju bẹ́ẹ̀ lọ, mo kàn jẹ́ kí ìka náà rọ̀, okùn náà wá yọ́ lọ, ó bọ́ lára ọ̀kan, ó bọ́ lára èkejì, ó bọ́ lára gbogbo wọn, ó dúró gbọọrọ láàárín ọwọ́ mi méjèèjì láìní kókó kan.

"Ó ti kọjá," ni Màmá mi wí. Ó tún un wí fún gbogbo ilé: "Ìyá mi ti kọjá o!" Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í mí, wọ́n ń na ẹsẹ̀, ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Màmá mi dìde, ó gbọn aṣọ nù, ó ní ebi ń pa òun, ta ló se kókò babai, ṣé kò sí ẹni tó máa fún òun lónjẹ nínú ilé yìí ni.

Mo ṣì jókòó síbẹ̀. Láti ọjọ́ tí ó ti kú, n kò tíì sunkún ẹ̀, ẹ̀rù ò jẹ́ kí n ráyè. Nei Wini wá jókòó tì mí. Ìgbà náà ni mo wá wo ojú Ìyá àgbà, mo rí i pé ó ti kú lóòótọ́, mo sì bú sẹ́kún.